Àlùfáà Nípa Ìbí

Púpọ̀ nínú ipò ayé yìí ni ènìyàn ń wá kiri kí ó tó rí i. A ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, a ń kọ́ iṣẹ́ adájọ́, a sì ń fi ọjọ́ orí àti ìwà rere dé ipò àgbà. Ṣùgbọ́n láàrin àwọn Júù ipò kan wà tí ẹnikẹ́ni kò lè kọ́, tí òfin kò jẹ́ kí a fi owó rà, tí ẹni tí ó sì ni ín kò lè bọ́ sílẹ̀ bí ẹni bọ́ aṣọ. Ọmọkùnrin tí a bí ní ilé Áárónì ti di àlùfáà kí a tó kọ ọ́ ní ilà ní ọjọ́ kẹjọ, àní kí a tó sọ ọ́ ní orúkọ. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè bí ó fẹ́ tàbí bí ó kọ̀. Nípa ipò yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa sọ̀rọ̀. Mo ti ṣàkíyèsí pé nígbà tí a bá dé ìwé Léfítíkù, a máa ń fo orí púpọ̀ nínú rẹ̀ bí ẹni ń fo ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá sì fò ó yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó kà á ní ààbọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Gbogbo ẹ̀yà Léfì ni a yàn fún iṣẹ́ àgọ́ àjọ, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀yà náà ilé kan ṣoṣo, ilé Áárónì, ni a fi iṣẹ́ pẹpẹ lé lọ́wọ́. Nítorí náà gbogbo àlùfáà ni ọmọ Léfì, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ Léfì ni àlùfáà. Kohen ni àwọn Júù ń pe àlùfáà ní èdè wọn. Ọ̀dọ̀ baba ni oyè náà ti ń wá: bí ọmọbìnrin àlùfáà bá fẹ́ ọkọ tí kì í ṣe àlùfáà, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò bá ilé ọkọ lọ. Ẹ sì kíyèsí Mósè tìkára rẹ̀. Òun ni ó da òróró sí Áárónì lórí, síbẹ̀ kò fi oyè àlùfáà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tirẹ̀, Gérṣómù àti Élíésérì. Láàrin àwọn ọmọ Léfì yòókù ni a kà wọ́n sí. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ó fi oyè náà ṣe ojúsàájú fún ilé ara rẹ̀.

Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ilé kan jogún oyè yóò rò pé ọrọ̀ ni wọ́n jogún. Òdì kejì ni. Nígbà tí a pín ilẹ̀ Kénáánì, àwọn àlùfáà kò ní ìpín oko bí àwọn ẹ̀yà yòókù. Ọwọ́ àwọn ará wọn ni oúnjẹ wọn wà. Nínú Mishnah, èyí tí í ṣe àkójọ òfin àtẹnudẹ́nu àwọn Júù tí Rábì Júdà kó jọ ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, a kọ ọ́ pé ẹni tí ó lawọ́ yóò yọ ìdá kan nínú 40 ìkórè rẹ̀ fún àlùfáà, ẹni tí ó wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì yóò yọ ìdá kan nínú 50, ahun yóò sì yọ ìdá kan nínú 60. Nínú ìyẹ̀fun tí a pò, onílé a máa yọ ìdá kan nínú 24, ẹni tí ń ṣe búrẹ́dì tà a sì máa yọ ìdá kan nínú 48. Nípa bẹ́ẹ̀ ni àlùfáà fi ń jẹun láti inú agbọ̀n ẹlòmíràn. Bí ìlú bá yó, òun náà yó. Bí ọkàn ìlú bá gbẹ, ìkòkò rẹ̀ náà gbẹ.

Yàtọ̀ sí èyí, àwọn òfin tí kò dé orí ẹlòmíràn dé orí rẹ̀. Àlùfáà kò gbọdọ̀ sún mọ́ òkú, àfi ti baba rẹ̀, ìyá rẹ̀, ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀, arákùnrin rẹ̀, arábìnrin rẹ̀ tí kò tíì lọ́kọ, àti aya rẹ̀. Olórí àlùfáà kò tilẹ̀ gbọdọ̀ sún mọ́ òkú baba tí ó bí i. Àlùfáà kò gbọdọ̀ fẹ́ obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀, bí ó ti wù kí obìnrin náà jẹ́ ènìyàn rere tó. Àwọn rábì sì fi kún un pé kò gbọdọ̀ fẹ́ ẹni tí ó ti inú orílẹ̀-èdè mìíràn wọ ẹ̀sìn wọn. Ṣùgbọ́n láàrin gbogbo ìdè wọ̀nyí, ohun kan wà tí ó wọ̀ mí lọ́kàn ṣinṣin. Bí olórí àlùfáà bá ń lọ lójú ọ̀nà, tí ó sì bá òkú àlejò kan pàdé tí kò ní ẹni tí yóò sin ín, Mishnah sọ pé kí ó dúró, kí ó sì sin ín. Ẹni tí kò gbọdọ̀ sin baba rẹ̀ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin ẹni tí kò ní baba níbẹ̀.

Nítorí pé ìbí ni ó ń sọ ènìyàn di àlùfáà, wọ́n ń ṣọ́ ìwé ìran lójú méjèèjì. Nígbà tí àwọn ìgbèkùn padà láti Bábílónì, àwọn ọmọ Hábáyà, ti Hákósì àti ti Básíláì wá orúkọ wọn nínú ìwé ìran, wọn kò sì rí i. Ẹ́sírà àti Nehemáyà ròyìn rẹ̀ pé a yọ wọ́n kúrò nínú iṣẹ́ náà, gómìnà sì pàṣẹ kí wọn má ṣe jẹ nínú ohun mímọ́ jùlọ títí àlùfáà kan yóò fi dìde pẹ̀lú Úrímù àti Túmímù. Josephus, òpìtàn Júù tí òun tìkára rẹ̀ jẹ́ ọmọ àlùfáà, sọ pé láti ilẹ̀ Íjíbítì àti Bábílónì pàápàá ni àwọn àlùfáà ti ń fi orúkọ ìyàwó wọn àti ti àwọn òbí ìyàwó ránṣẹ́ sí Jerúsálẹ́mù. Mishnah sì sọ fún wa pé ìgbìmọ̀ ńlá a máa jókòó nínú yàrá òkúta gbígbẹ́ láti wádìí àwọn àlùfáà. Ẹni tí a bá rí àléébù nínú ìran rẹ̀ yóò wọ aṣọ dúdú, yóò sì jáde lọ. Ẹni tí a kò bá rí àléébù lọ́dọ̀ rẹ̀ yóò wọ aṣọ funfun, yóò sì wọlé lọ bá àwọn arákùnrin rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ náà ńkọ́? Ẹgbẹ́ 24 ni a pín àwọn àlùfáà sí ní ayé Dáfídì, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a sì máa ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan ní ìgbà tí ó bá kàn án. Sekaráyà baba Jòhánù Onítẹ̀bọmi wà nínú ẹgbẹ́ Ábíjà, èyí tí í ṣe ìkẹjọ. Kèké ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ látètèkọ́ṣe. Ní ìgbà kan rí, àwọn tí ó bá fẹ́ kó eérú kúrò lórí pẹpẹ ní kùtùkùtù a máa sáré gun ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ó lọ sókè pẹpẹ, ẹni tí ó bá sì ṣáájú ni ó ni iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ kan àwọn méjì sáré dọ́gba, ọ̀kan ti ẹnìkejì rẹ̀, ẹsẹ̀ onítọ̀hún sì kán. Láti ọjọ́ náà ni ìgbìmọ̀ ti pàṣẹ pé kèké ni kí wọ́n máa ṣẹ́. Ní ti tùràrí sísun, ẹni tí kò bá tíì ṣe é rí nìkan ni wọ́n ń pè wá síbi kèké. Nítorí náà ẹ lè mọ irú ọjọ́ tí ọjọ́ náà jẹ́ fún Sekaráyà arúgbó, nígbà tí kèké mú un.

Mo ti mọ nǹkan wọ̀nyí láti ìgbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, nítorí olùkọ́ wa kan fẹ́ràn láti máa ka Mishnah fún wa ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sì máa túmọ̀ rẹ̀. Èmi kò mọ̀ pé yóò wúlò fún mi nínú iṣẹ́ ìjọ títí ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan fi dé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ọmọ náà ti rọ láti kékeré nípa àìsàn, ọ̀pá ni ó sì fi ń rìn. Nínú gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kò sí ẹni tí ó mọ Bíbélì kà jù ú lọ: ohùn rẹ̀ dá ṣáká, kì í sì í gbé àmì ohùn gba ibi tí kò yẹ. Nígbà tí ìsìn Ìkórè ń bọ̀, mo kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti ka ẹ̀kọ́ kejì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àgbà kan nínú ìjọ wá bá mi nílé. Lẹ́yìn tí a ti kí ara wa, ó ní, “Tíṣà, ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo bá wá. Ẹ kò ha ti ka Léfítíkù orí 21? Ẹni tí ó ní àbùkù lára kò gbọdọ̀ wá dúró níwájú Ọlọ́run. Àti pé, ọmọ ta tilẹ̀ ni? Àwọn ilé tí ń kàwé nínú ìjọ yìí, a ti mọ̀ wọ́n láti ayé àwọn baba wa.”

Mo dá a lóhùn pé, “Bàbá, mo ti kà á. Bí ẹ bá gbà mí láàyè, ẹ jẹ́ kí a jùmọ̀ kà á dé òpin.”

A jókòó ní ìloro, a sì ṣí Bíbélì. Òtítọ́ ni pé orí náà ka afọ́jú, arọ, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kán mọ́ àwọn ọmọ Áárónì tí kò gbọdọ̀ rúbọ lórí pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ náà le, èmi kò sì gbìyànjú láti sọ ọ́ di ohun rírọ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dúró sí, òfin náà kò sì dúró níbẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ó tún sọ pé àlùfáà alábùkù náà yóò máa jẹ nínú oúnjẹ Ọlọ́run rẹ̀, àti èyí tí ó mọ́ àti èyí tí ó mọ́ jùlọ. Àwọn ará Hákósì tí ara wọn dá pé, tí ìwé ìran wọn sọnù, ni a ní kí wọ́n má ṣe jẹ ẹ́. Arọ tí ó jẹ́ ọmọ Áárónì jókòó pẹ̀lú àwọn arákùnrin rẹ̀, ó sì jẹ ẹ́. A kò gba orúkọ àlùfáà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán nínú eré ìje ọjọ́ náà, àlùfáà ni ó jẹ́ nígbà tí ó ń sáré, àlùfáà náà ni ó sì jẹ́ nígbà tí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Mo sì sọ fún Bàbá nípa yàrá igi. Ní igun àríwá ìlà-oòrùn àgbàlá tí a ń pè ní ti àwọn obìnrin, yàrá kan wà tí a ń kó igi ìdáná pẹpẹ sí. Àwọn àlùfáà alábùkù ni ó ń jókòó níbẹ̀, tí wọ́n ń yẹ igi wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí igi tí kòkòrò bá ti jẹ kò yẹ fún pẹpẹ. Nítorí náà kò sí ẹbọ kan tí ó jóná ní Jerúsálẹ́mù tí igi rẹ̀ kò kọ́kọ́ kọjá lábẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí.

Bàbá bi mí pé, “Inú Tẹ́ḿpìlì náà ni wọ́n ti ń ṣa igi yìí, tàbí ẹ̀yìn odi?”

Mo ní, “Inú àgbàlá ni, Bàbá.”

Mo tún sọ èyí fún un. Àlùfáà a máa gbé ọwọ́ sókè láti súre fún àwọn ènìyàn. Mishnah sọ pé ẹni tí àbùkù bá wà ní ọwọ́ rẹ̀ kí ó má ṣe gbé e, nítorí àwọn ènìyàn yóò máa wò ó, ọkàn wọn yóò sì kúrò lára ìre. Ṣùgbọ́n Talmud, èyí tí í ṣe àlàyé ńlá tí àwọn rábì ṣe lórí Mishnah, sọ pé bí ó bá jẹ́ ẹni tí àwọn ará ìlú rẹ̀ ti mọ̀ dunjú, kí ó gbé ọwọ́ sókè. Ojú tí ó ti mọ ènìyàn kì í wo àbùkù rẹ̀ mọ́. Mo wá wí pé, “Bàbá, ìṣojú yín ni a bí ọmọ yìí. Ta ni nínú ìjọ wa ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀?”

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní, “Ti ọmọ ta ni ńkọ́?”

Ìbéèrè yìí ni ó jinlẹ̀ jù, nítorí àwọn Júù tí ó jogún oyè yìí gan-an ni ó ti dáhùn rẹ̀. Wọn kò tan ara wọn jẹ pé ìbí ń fún ènìyàn ní ìwà. Hófínì àti Fínéhásì jẹ́ ọmọ àlùfáà, wọ́n sì ń fi ipá gba ẹran lọ́wọ́ àwọn olùrúbọ. Ní ọdún 175 ṣáájú ìbí Olúwa wa, Jásónì, ọmọ ilé àlùfáà, fi owó ra oyè olórí àlùfáà lọ́wọ́ ọba Áńtíókù, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ lé arákùnrin rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ni ẹlòmíràn san owó tí ó ju tirẹ̀ lọ, òun náà sì di ìsáǹsá. Wọn kò sì rò pé ìbí ń fún ènìyàn ní ìmọ̀. Ní òru tí ó ṣáájú Ọjọ́ Ètùtù, bí olórí àlùfáà kò bá mọ ìwé, àwọn amòfin ni yóò ka Jóòbù, Ẹ́sírà àti Kíróníkà sí i létí. Bí ó bá sì fẹ́ tòògbé, àwọn ọ̀dọ́ àlùfáà yóò ta ìka níwájú rẹ̀, wọn yóò sì ní kí ó dìde dúró lórí òkúta tútù. Àwọn rábì kọ́ni pé adé mẹ́ta ni ó wà, adé òfin, adé oyè àlùfáà àti adé ọba, ṣùgbọ́n pé adé orúkọ rere ga ju gbogbo wọn lọ. Wọ́n sì sọ gbangba pé ọmọ tí a bí nínú àjọṣe tí òfin kọ̀, bí ó bá jẹ́ ọ̀mọ̀wé òfin, ó yẹ kí a bu ọlá fún un ṣáájú olórí àlùfáà tí kò mọ òfin.

Ní ti ìwé kíkà pàápàá, ní ọjọ́ ìsinmi ènìyàn méje ni wọ́n ń pè síbi ìwé Òfin nínú sínágọ́gù. Kohen ni àkọ́kọ́, ọmọ Léfì ni ẹnìkejì, lẹ́yìn wọn ni àwọn ọmọ Ísírẹ́lì yòókù, láìbéèrè ilé tí wọ́n ti wá. Ìdí tí Mishnah sì fi lélẹ̀ fún ètò yìí ni àlàáfíà, kí ìjà ipò má baà wọ inú ìjọ. Pẹpẹ ni ti ilé Áárónì. Ìwé jẹ́ ti gbogbo ènìyàn.

Bàbá náà kò sọ pé mo jàre, kò sì sọ pé mo jẹ̀bi. Ó dìde, ó mú fìlà rẹ̀, nígbà tí ó sì dé ẹnu ọ̀nà ó yíjú padà, ó ní, “Àtẹ̀gùn ibi ìkàwé yẹn ga. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ náà dá gùn ún.” Ní ọjọ́ Ìkórè ọmọ náà ka ẹ̀kọ́ kejì, ẹni tí ó sì di apá rẹ̀ mú gun àtẹ̀gùn náà ni ọmọ-ọmọ Bàbá yìí.

Ó kù kí n sọ ohun tí ó gbẹ̀yìn oyè náà. Ní ọdún 70 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, àwọn ọmọ ogun Róòmù lábẹ́ Títù dáná sun Tẹ́ḿpìlì. Pẹpẹ kò sí mọ́, yàrá igi kò sí mọ́, a kò sì ṣẹ́ kèké mọ́. Ènìyàn lè rò pé oyè náà bá iṣẹ́ rẹ̀ kú. Kò kú. Láti baba dé ọmọ ni wọ́n ń sọ fún ara wọn pé kohen ni wá, títí di òní. A ṣì ń kọ́kọ́ pe kohen síbi ìwé. Bí àkọ́bí ọkùnrin bá pé oṣù kan, baba rẹ̀ a fi ṣékélì márùn-ún rà á padà lọ́wọ́ kohen. Kohen tí ó pa òfin mọ́ kì í wọ itẹ́ òkú, bí kì í bá ṣe ti àwọn ẹbí tí a ti kà. Láti ìgbà òfin ọdún 1953, ìgbéyàwó àwọn Júù ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì wà lábẹ́ ilé ẹjọ́ àwọn rábì, kohen kò sì lè fẹ́ obìnrin tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀ níwájú wọn. Àwọn mìíràn a máa lọ sí ilẹ̀ òkèèrè lọ ṣe ìgbéyàwó wọn. Kì í ṣe ohun kékeré fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ́ràn obìnrin kan pé kí a ní kí ó fi í sílẹ̀ nítorí pẹpẹ tí ó ti wó ní nǹkan bí ẹgbàá ọdún sẹ́yìn.

Ní ọdún 1997 àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Wọ́n yẹ ohun tí baba nìkan ń fi lé ọmọkùnrin rẹ̀ lọ́wọ́ nínú ara wò, wọ́n sì rí i pé àwọn kohen láti ilẹ̀ tí ó jìnnà sí ara wọn jọ ara wọn ju bí wọ́n ti jọ àwọn Júù yòókù lọ. Àwọn ìwádìí tí ó tẹ̀lé e fi hàn pé a ń rí àmì náà lára àwọn tí kì í ṣe kohen pẹ̀lú, nítorí náà kò lè dá sọ ẹni tí ènìyàn jẹ́. Ẹ̀rí tí ó lágbára jù ni ohun tí baba sọ fún ọmọ, tí ọmọ sì gbà láti rù.

Iṣẹ́ tí èmi ń ṣe kì í ṣe ti ìbí. Àgbẹ̀ kòkó ni baba mi, ilé-ẹ̀kọ́ ni a sì ti fi iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́. Síbẹ̀ mo máa ń rántí àwọn ọmọ Áárónì nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí n dúró níwájú ìjọ. Kohen tí yóò súre yóò bọ́ bàtà rẹ̀, ọmọ Léfì yóò da omi sí i lọ́wọ́, yóò sì fi aṣọ àdúrà bo orí àti ojú. Kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún ìre náà. Ọ̀rọ̀ 15 ni ní èdè Hébérù, mẹ́ta, lẹ́yìn náà márùn-ún, lẹ́yìn náà méje. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bèèrè pé kí ni ìre ènìyàn lásán bí èyí lè ṣe fún òun, Mósè ọmọ Maimon, amòfin ńlá tí ó kú ní ọdún 1204, ti dá a lóhùn pé kì í ṣe ọwọ́ àlùfáà ni ìre wà. Iṣẹ́ ti àlùfáà ni kí ó gbé ọwọ́ sókè, Ọlọ́run ni yóò súre. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn fi ń sọ ojú wọn kalẹ̀, tí wọn kì í wo ọwọ́ náà bí ó gún tàbí bí ó wọ́.